Báàgì Kan Ṣoṣo Tí O Fẹ́ Gbé Lọ Bá Ẹ̀gbọ́n Rẹ

Àdùkẹ́ mi,

Òjò ń rọ̀ ní Ayétòrò níbí, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé ìwé lé itan. Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní Ìlaròó. Ara mi le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò. Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé mo kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ṣebí orí fóònù la ti jà lọ́jọ́ Àìkú. Bí mo bá tún pè ọ́, ohùn mi á ga, ìwọ náà á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀," èmi á ní ṣé èmi lò ń sọ pé kó dákẹ́, ọ̀rọ̀ á sì tún bàjẹ́. Bíírò kì í pariwo. Dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Ìlaròó ni màá fi rán sí ọ. Jọ̀wọ́, kà á tán kí o tó pè mí.

O ní báàgì kan ṣoṣo lo fẹ́ gbé lọ sí Jámánì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà ìsinmi iléèwé. Báàgì kékeré onítáyà, èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọ inú bàálù, tí kì í bá ẹrù yòókù lọ sí ìsàlẹ̀. O ní kí n má di nǹkan kan fún ọ rárá. "Màmá, aṣọ mẹ́rin ti tó mi. Ìgbà ooru ni wọ́n wà níbẹ̀." Mo ní ta ló ń lọ sí ìlú òyìnbó pẹ̀lú aṣọ mẹ́rin, bí ẹni tó ń lọ sí ìsọjí ọjọ́ méjì ní Abẹ́òkúta. O rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú, mo sì pa fóònù.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí n kò sọ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ti aṣọ mẹ́rin. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó di oṣù mẹ́jọ báyìí tí Fẹ́mi ẹ̀gbọ́n rẹ kò jẹ́ kí n rí ojú òun. Tẹ́lẹ̀, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pè mí pẹ̀lú fídíò, a ó máa wo ara wa, màá ní kó yí fóònù kí n rí i bóyá ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nísinsìnyí ohùn lásán ni. Ó ní kámẹ́rà ti bàjẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, oṣù mẹ́jọ, kò rí ẹni bá a tún kámẹ́rà ṣe? Ohùn náà gan-an ti fúyẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dúró mí. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìwọ náà fi ní o fẹ́ lọ kí i, lójijì, pẹ̀lú báàgì kan. Ẹni tó ń lọ ṣe fàájì a máa di ẹrù, Àdùkẹ́. Ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè kíákíá ni kì í rí ẹrù dì.

N kò tíì fẹ́ bi ọ́ léèrè. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fún ọ, nítorí pé ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí o lọ. O kò wọ bàálù rí, èmi náà kò wọ̀ ọ́ rí, ṣùgbọ́n mo ti ru ẹrù láyé mi, mo sì ti rù ú ní àrùṣìnà. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Tíṣà ni mí, màá ka nọ́ńbà sí i kó má baà dàrú mọ́ ọ lójú.

Èkínní, gbé báàgì kan náà. Mo ti gbà. Má rò pé ìwọ lo ṣẹ́gun. Àpótí mi ló ṣẹ́gun mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí mo ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, mo ra àpótí páànù kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo di aṣọ mẹ́rìnlá sí i, mo di ìrọ̀rí méjì, mo di ìkòkò kékeré, mo wá fi irú tí màmá mi fún mi há àárín aṣọ funfun tí wọ́n ní kí a mú wá. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé ilé ire ni mo ti wá. Nígbà tí a dé gáréèjì, ẹni tó ń to ẹrù sórí mọ́tò ní kí n bá òun na àpótí náà sókè. N kò lè nà án. Ọkùnrin méjì gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sọ ọ́ sókè, ìdí àpótí sì já. Aṣọ abẹ́ mi ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, irú sì tẹ̀ lé e. Títí a fi parí iléèwé, Oníirú ni wọ́n ń pè mí.

Nítorí náà, ẹrù tí o kò bá lè fi ọwọ́ ara rẹ gbé sókè kọjá orí, má dì í. O ní pẹpẹ kan wà lókè orí èèyàn nínú bàálù tí wọ́n ń gbé e sí. Ó dára. Bí o bá ti dì í tán, gbé e sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú yàrá rẹ. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta, yọ bàtà kejì kúrò. Má gbọ́kàn lé ọkùnrin kankan pé yóò bá ọ gbé e. Àwọn òyìnbó lè máa wò ọ́ títí tí ọrùn rẹ á fi wọ́.

Mo mọ̀ pé o láṣọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, torí náà gbọ́ tèmi. Aṣọ tí a lè fọ̀ kó gbẹ láìlọ̀ ni kí o mú. Mú ìró àti bùbá àǹkárá kan fún ṣọ́ọ̀ṣì, má mú léèsì, léèsì wúwo, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́ níbẹ̀ tí wàá fi hàn. Súwẹ́tà àti bàtà tó wúwo jù, ara ni kí o fi wọ̀ wọ́n lọ. Má dá mi lóhùn pé ìgbà ooru ni. Ooru wọn kì í ṣe ooru wa. Ní ọdún tí Fẹ́mi kọ́kọ́ débẹ̀, súwẹ́tà ló wọ̀ nínú fídíò, nínú oṣù tí wọ́n ní oòrùn ń mú. Má fi aṣọ abẹ́ ṣahun. Òrí díẹ̀ nínú ike kékeré tó fún ẹsẹ̀ àti ètè. O ti sọ fún mi pé ohun tó bá ṣàn, tó sì ju ìgò kékeré kan lọ, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹni, nítorí náà má dán epo pupa wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ, kódà èyí tí o fi ń bó ọsàn. Yọ ọ́ kúrò nínú àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì náà nísinsìnyí. Mo mọ̀ ọ́, wàá gbàgbé.

Èkejì, ìwé àti oògùn. Páásípọ́ọ̀tù, físà, lẹ́tà tí Fẹ́mi kọ láti fi gbà ọ́ lálejò, àti oògùn ọgbẹ́ inú rẹ: ọrùn ni kí o so wọ́n kọ́ lábẹ́ aṣọ. Má fi wọ́n sínú báàgì, bó ti wù kí ó kéré tó. Mo gbọ́ pé bí bàálù bá kún, wọ́n lè gba báàgì ọwọ́ náà lọ́wọ́ èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Kọ àdírẹ́sì Fẹ́mi sínú ìwé pẹ̀lú bíírò, fi ọ̀kan sára, fi ọ̀kan sínú bàtà. Fóònù a máa kú, ìwé kì í kú.

Ẹ̀kẹta, ọ̀nà Èkó. Ayé ìgbà kan, Kùtọnú ni ọmọ agbègbè wa ti ń wọ bàálù, nítorí ó yá fún wa. Wọ́n tún ti ti bọ́dà pa báyìí, Èkó lo gbọ́dọ̀ gbà, o sì mọ iye ibi tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù àti sójà dúró sí láti Ìlaròó títí dé Èkó. Ibi yìí ni mo ti gbà pé báàgì kékeré rẹ ní ọgbọ́n nínú. Ẹni tó bá gbé ẹrù ńlá, ìrẹsì ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Má jẹ́ kí dírẹ́bà fi àpò ìrẹsì ẹnikẹ́ni sí abẹ́ ìjókòó rẹ. Bí wọ́n bá dá yín dúró, kí wọn, ṣí báàgì rẹ, má bá wọn ṣe gbólóhùn asọ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú ni kí o kúrò nílé. Bí o bá ní ọjọ́ náà gan-an lo máa kúrò, n kò ní lè jẹun láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ rí. Bàbá yín nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó sì gbé e lọ sí sàréè.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ti bọ́dà, Ijoun ni mo ti ń ṣe tíṣà, kò tíì pẹ́ tí mo gba iṣẹ́. Màmá mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kétu. Òun ló gbà mí lọ́mú ìyá mi nígbà tí wọ́n bí àwọn ìbejì tẹ̀ lé mi, òun ló tọ́ mi ní Ìlárá títí mo fi lọ sí iléèwé, lẹ́yìn èyí ló tẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Kétu ní ìlú àwọn onífaransé. O mọ̀ bí àwa ará Ìlárá ti rí. Ìdajì ẹbí wà níbí, ìdajì wà lọ́hùn-ún. A kì í pe ìyẹn ní ìrìn-àjò. A máa ń lọ kó ọmọ jáde, a máa ń lọ sin òkú, a ó sì padà wá jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé. Ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà ni a tó mọ̀ pé ìlú méjì ni wá.

Àgbẹ̀ kan ló mú ìròyìn wá pé Ìyá Kétu kò jẹun mọ́, orúkọ mi ló sì ń pè. Ọ̀gá iléèwé fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ayé ló mọ̀ nígbà náà pé bí èèyàn bá fẹsẹ̀ rìn, tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, tó sì sọ pé aláìsàn lòun ń lọ wò, àwọn sójà tó wà lẹ́nu bọ́dà á jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n o mọ àṣà wa. Ẹnìkan kì í dá sọdá. Ẹni tó bá ń lọ sí òdìkejì, gbogbo àdúgbò ló ń bá a lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú ní ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ti ń gbé e wá: ọṣẹ fún ìyá ẹni yìí, iyọ̀ fún ìyàwó ẹni tọ̀hún, ìṣáná, ẹ̀wù ọmọ tuntun. Ìdì mọ́kànlá. Ṣé o mọ ohun tó burú jù? Inú mi dùn. Mo kà wọ́n, mo tún wọn kà. Mo rò pé mo ti di èèyàn pàtàkì ní Ijoun.

Ìdì kọkànlá jẹ́ ti tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan tó jù mí lọ, Ìyá Ìbejì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Kétu. Ó fi ìró di ẹrù náà, ó ta á ní kókó mẹ́ta. Mo ní, "Mà, kí ló wà níbẹ̀?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé o fẹ́ tú ẹrù mi wò ni?" Ojú tì mí. Láàárín wa, ẹni tó bá tú ẹrù tí wọ́n fi rán an, olè ló pe ẹlẹ́rù. Mo tọrọ àforíjì, mo gbé e lé orí àwọn yòókù.

Sójà tó wà lẹ́nu bọ́dà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó wo orí mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé aláìsàn lò ń lọ wò ni, àbí ọjà lò ń lọ ná?" Ó ní kí n sọ̀ ọ́. Ó ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó tú u, títí ó fi kan ìdì kọkànlá. "Èyí ńkọ́?" Mo ní ọ̀rẹ́ mi ló ni ín. "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Mo ní n kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Iṣẹ́ tíṣà lò ń ṣe, o wá ru ohun tí o kò mọ̀ lé orí ara rẹ?" Aṣọ ọmọ ló wà lókè. Lábẹ́ aṣọ ọmọ, agolo mílíìkì ló kún ibẹ̀ dẹ́nu, ìgbà tí mílíìkì wọ́n bí ojú, tí wọn ò sì gbà kó jáde nílùú.

Ó ní bí ẹlẹ́rù kò bá wá sọ pé òun lòun ni ín, èmi lòun á fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó sábẹ́ igi kajú kan tí wọ́n fi ń wá Ìyá Ìbejì. Obìnrin kan tó ń gbé nítòsí ló ń fún mi lóúnjẹ. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń wo ọ̀nà Kétu lójú ara mi. Nígbà tí Ìyá Ìbejì wá dé pẹ̀lú àwọn àgbààgbà tó bá a bẹ̀bẹ̀, sójà náà gba mílíìkì, ó ní kí n máa lọ. Ó wá fi kún un, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò létí mi títí di òní, pé, "Ká ní ọwọ́ lásán lo mú wá, o ò bá ti débẹ̀ láti ìjẹta."

Mo sáré. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Kétu, àwọn obìnrin yà fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín. Wọ́n ní ó pè mí títí tí ohùn rẹ̀ fi tán. Èmi ṣì wà lórí ìdúró tí àwọn tí wọ́n fi ẹrù ránṣẹ́ sí fi ń wá gba ẹrù wọn. Wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Ẹni tó ni ọṣẹ rí ọṣẹ gbà. Ẹni tó bímọ rí ẹ̀wù ọmọ gbà. Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ kúrò nílé nìkan ni n kò bá.

Bí mo ti ń kọ èyí, mo ní láti dìde lọ bọ́jú. Nítorí náà má bá bàbá kankan gbé e, má bá màmá kankan gbé e, má bá pásítọ̀ gbé e. Alàájà tó ń ta aṣọ lọ́jà wa, ọ̀rẹ́ mi tí o mọ̀, ti dé síbí láti ọjọ́ Ajé. Ó ní ọmọ òun náà wà ní Jámánì, ó gbé elùbọ́ àti ẹja gbígbẹ wá. Mo ní báàgì kan ṣoṣo lò ń gbé lọ.

"Báàgì kan? Ìyá Fẹ́mi, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ bá mi gbé e."

"Alàájà, òótọ́ ni mo ń sọ. Báàgì ọwọ́ ni."

"Kékeré yìí náà? Ṣebí Jámánì kan náà ni."

Bí ẹni pé Jámánì ò ju Ìmẹ̀kọ lọ. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ ọjà, ó kí gbogbo ẹni tó jókòó tì mí, kò kí mi. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n yóò rọ̀. Ìwọ náà, bí wọ́n bá wá bá ọ ní Ìlaròó, sọ fún wọn pé màmá rẹ ò gbà. Èmi ni kí o di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Bó bá sì di ẹnu pápákọ̀ òfurufú, tí obìnrin kan tó múra dáadáa bá ní kí o bá òun di báàgì òun mú kí òun lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, sọ fún un pé o kò lè ṣe é, kí o sì kúrò níbẹ̀. Jẹ́ kó pè ọ́ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù rẹ̀ ká tó bá a ké ọfẹ; ẹni tó ni ín ni kó gbé e.

Ìkarùn-ún ló kàn, àbí ìkẹfà, mo ti ṣì í kà. Èyí kì í ṣe ìmọ̀ràn mọ́, ìjẹ́wọ́ ni.

Èmi gan-an ti di ẹrù kan. Ó ti wà lábẹ́ ibùsùn mi láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lọ ẹ̀gúsí, mo ṣa ata gbígbẹ, mo ra láfún tó funfun, mo fi fìlà bàbá yín kan sí i. Mo lọ sí Ijoun, mo ní kí ìyá arúgbó kan bá mi wá egbò àti èèpo igi. Ó bi mí pé irú àìsàn wo ni. N kò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ mi, mo sì ti ń wá oògùn rẹ̀ kiri inú igbó. Mo ti pinnu pé dírẹ́bà ni màá fi ẹrù náà rán sí ọ ní ọjọ́ tó ku ọ̀la, kó má baà sí àyè fún ọ láti dá a padà. Mo mọ̀ pé wàá sunkún, mo sì mọ̀ pé wàá gbé e. Ìdí tí mo ṣe bá ọ jà lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ ti ìdì mọ́kànlá yẹn tán, ọwọ́ mi dúró. Mo rí i pé èmi ni ẹlẹ́rù kejìlá. Mo dìde, mo fà á jáde, mo tú u. Ẹ̀gúsí ti padà sínú ike, fìlà ti padà sínú àpótí. Egbò náà, mo dà á sẹ́yìn ilé, òjò ti ń gbá a lọ. Máa lọ pẹ̀lú báàgì rẹ. N kò ní fi àdúrà pàápàá tẹ̀ ọ́ lórí mọ́lẹ̀.

Wàyí o, ti Fẹ́mi. O mọ nǹkan kan. Láti kékeré, bí o bá mọ nǹkan tí n kò mọ̀, o máa ń yára sọ̀rọ̀, o sì yára sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bó bá jẹ́ pé ó ní kí o má sọ fún mi, má sọ. N kò fẹ́ kí o já ẹ̀gbọ́n rẹ kulẹ̀ nítorí mi; ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kù fún ara yín. Ó rò pé òun ń ṣàánú mi ni. Ó rò pé bí màmá bá mọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru. Sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ru láti oṣù mẹ́jọ. Ohun tí mo ń fi ọkàn yà lójoojúmọ́ burú ju ohunkóhun tí dókítà lè kọ sínú ìwé lọ. Mo ti sin ín lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú oorun mi, Àdùkẹ́, ọmọ tó ṣì ń pè mí lórí fóònù.

Bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀, má dúró ya fọ́tò, má dúró wo ilé gogoro. O kò ní ẹrù tí wàá dúró dè. Gbé báàgì rẹ, gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ tààrà, ilé ni o, ọsibítù ni o. Di ọwọ́ rẹ̀ mú fún mi kí o tó sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà kí o gbé fóònù rẹ, èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ ò bàjẹ́, kí o gbé e síwájú rẹ̀, kí o pè mí. Má jẹ́ kó fi fìlà bo orí. Má bá a wá ibi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ohùn ti sú mi. Bó bá ti rù, kí n rí i. Bí irun orí rẹ̀ bá ti re, kí n rí i.

Kí Ọlọ́run tí kì í sùn ṣíwájú rẹ, kó tún wà lẹ́yìn rẹ. Bí Fẹ́mi bá kọ̀, tó ní òun ò fẹ́ kí n rí òun báyìí, sọ èyí fún un. Lọ́jọ́ tí mo bí i, ẹ̀jẹ̀ ló bo ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ nù ún. Mo ní kó gbé e fún mi bẹ́ẹ̀.

Ìyá yín ni,
tó ń retí yín méjèèjì ní Ayétòrò.